Òótọ́ àbí irọ́: ṣé bí ọmọ bá jìnnà sílé ni ọkàn rẹ̀ ń sàn?

Bí ọmọ bá ti ń ṣe bákan, tó ń mu ohun tí kò yẹ kó mu, tó ń jáde lóru, tàbí tó ń sọ ọ́ lẹ́nu pé ayé ti sú òun, ìmọ̀ràn kan wà tí kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀." Ẹ gbé e lọ síbi tó jìnnà, níbi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà tún un ṣe, kí wọ́n dá a padà nígbà tó bá bọ̀ sípò. A ń sọ ọ́ nílé wa. Wọ́n ń sọ ọ́ ní Kánádà, ní Amẹ́ríkà, ní Ọsirélíà. Àmọ́ lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ náà kọjá ìmọ̀ràn. Wọ́n fi ṣòfin, wọ́n fi kọ́lé, orí àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n sì ti dán an wò jù lọ, ìyẹn àwọn ọmọ tí baba ńlá wọn ti ń gbé ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé. Bí a bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìmọ̀ràn yìí àbí irọ́, ọ̀dọ̀ wọn ló yẹ ká ti wádìí. Ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ kò kéré.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní Davis Inlet. Abúlé àwọn Innu, ìran onílẹ̀ kan, ni nígbà náà, ní etíkun Labrador, ní ìlà oòrùn Kánádà. Ní oṣù kìíní ọdún 1993, wọ́n bá ọmọ mẹ́fà nínú ahéré kan tí kò ní iná ìyáná rárá, nínú òtútù tó lè pa èèyàn, tí wọ́n ń fa epo bẹntiróòlù símú nínú àpò ọ̀rá. Wọ́n ya fídíò wọn. Àwọn ọmọ náà ń pariwo pé ikú ni àwọn ń fẹ́, wọn ò sì fẹ́ kí àgbàlagbà kankan sún mọ́ àwọn. Fídíò náà dé orí tẹlifíṣọ̀n, ojú sì ti ìjọba Kánádà níwájú gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó àwọn ọmọ kan nínú abúlé náà sínú bàálù, ó di Alberta, ní ìhà kejì orílẹ̀-èdè náà, sí ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Poundmaker's Lodge. Wọ́n gbé ibẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí wọ́n padà dé abúlé, ọ̀pọ̀ wọn tún padà sídìí epo.

Ẹni tó fẹ́ràn ìmọ̀ràn "ẹ gbé e kúrò" lè sọ pé ilé ìtọ́jú yẹn ni kò dára. Rárá o. Àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ló ń darí rẹ̀, orúkọ olóyè Cree kan ni wọ́n fi sọ ọ́, ètò ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ wo ilé tí àwọn ọmọ padà sí ná. Lọ́dún 1967 ni wọ́n kó àwọn Innu yìí, tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé agbo ẹran caribou kiri látayébáyé, jọ sí erékùṣù kan. Títí di 1993, ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀ kò ní omi ẹ̀rọ. Bí omi bá ń dì tàbí tí yìnyín bá ń yọ́, wọn ò lè kọjá sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣọdẹ. Ní oṣù kejì ọdún 1992, ọdún kan ṣáájú fídíò yẹn, iná jó ilé kan, ọmọ mẹ́fà sì kú sínú rẹ̀. Nínú abúlé tí èèyàn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 lọ, ẹ lè fojú inú wo bí ọ̀fọ̀ ọmọ mẹ́fà ṣe máa rí. Inú ọ̀fọ̀ yìí ni wọ́n ti mú àwọn ọmọ jáde, inú rẹ̀ náà ni wọ́n sì dá wọn padà sí. Àwọn ọmọ nìkan ni wọ́n tọ́jú. Wọn ò fọwọ́ kan ohun tó ń ṣe wọ́n.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn tí orí wọn pé fi ń gba ìmọ̀ràn yìí gbọ́? Ìdí kan ni pé ojú wọn ń rí i tó ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó dé ilé ìtọ́jú lónìí kò fẹ́ wo ojú ẹnikẹ́ni, kò jẹun, kò sùn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sí epo bẹntiróòlù, tí oúnjẹ ń jáde lásìkò, tí kò sí ẹni tó ń fọ́ ìgò lórí ẹnikẹ́ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ara á kún. Òṣìṣẹ́ tó rí èyí kò parọ́ nígbà tó bá sọ pé ọmọ náà ti ń sàn. Ohun tí kò rí ni oṣù kẹfà lẹ́yìn tí ọmọ náà ti lọ, nítorí pé wọ́n ti pa fáìlì rẹ̀ dé, ibùsùn ti gba ẹlòmíràn. Ẹ̀rí tó bá parí sẹ́nu ọ̀nà ilé ìtọ́jú, ìdajì ẹ̀rí ni. Àwọn olùwádìí tó ti tẹ̀ lé àwọn ọmọ láti ilé ìtọ́jú délé, ìran yòówù kí wọ́n jẹ́, sábà máa ń rí ohun kan náà: ohun tí ọmọ jèrè máa ń ṣá bí ìdílé rẹ̀ kò bá sí nínú ètò náà, tí kò sì sí ẹni tó dúró tì í lẹ́yìn tó dé ilé.

Ìdí kejì ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, ó sì burú jù ú lọ. Lọ́dún 1879 ni wọ́n ṣí iléèwé Carlisle ní Pennsylvania, níbi tí wọ́n ti ń gé irun àwọn ọmọ onílẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ orúkọ wọn, tí wọ́n sì ń ka èdè wọn léèwọ̀. Kánádà ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ó ju 150,000 ọmọ lọ tó kọjá nínú àwọn iléèwé bọ́dìn tí ìjọba àti ṣọ́ọ̀ṣì jọ ń darí. Nígbà tó di ọdún 1920, òfin ti fún ìjọba lágbára láti fi tipá mú ọmọ lọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti rí orúkọ wọn pé wọ́n kú síbẹ̀ tàbí nítorí rẹ̀ ti ju 4,000 lọ. Ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èyí tó kẹ́yìn pa. Ohun tí gbogbo ètò yẹn dúró lé kò ju gbólóhùn kan lọ: ilé ni àìsàn, jíjìnnà sílé ni oògùn. Ìgbìmọ̀ tó wádìí àwọn iléèwé Kánádà yìí, tí Murray Sinclair ṣe alága rẹ̀, gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kó tó parí iṣẹ́ lọ́dún 2015, ohun tí wọ́n sì gbọ́ ni pé àwọn ọmọ tí kò rí ẹni tọ́ wọn ni wọ́n padà wá di òbí tí kò mọ bí a ṣe ń tọ́mọ.

Ẹ jẹ́ ká ro ti ìyá àgbà kan tó gbé irú iléèwé bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ìjọba dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lónìí, ẹnì kan tó wọṣọ dáadáa sọ̀kalẹ̀, ó ní òun wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ fún ìtọ́jú ọpọlọ fún oṣù mẹ́fà. Kí lẹ rò pé ìyá náà gbọ́? Bó bá kọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé ìdílé náà kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bí ọmọ náà bá sá kúrò lọ́nà, wọ́n á ní orí rẹ̀ kunkun. Ìṣirò ìjọba Kánádà fúnra rẹ̀ lọ́dún 2021 sì nìyí: nínú gbogbo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ní orílẹ̀-èdè náà, ìdá 7.7 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ onílẹ̀, àmọ́ nínú àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ alágbàtọ́, wọ́n jẹ́ ìdá 53.8. Ọmọ tó máa wọ ilé ìtọ́jú ti lè gbé ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó débẹ̀. Ó ti jìnnà sílé tipẹ́. Bó bá jẹ́ pé jíjìnnà sílé ni oògùn ni, ó yẹ kó ti sàn kó tó dé.

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀jẹ̀ wọn ló fà á. Wọn kì í lè gba ọtí sára." Ẹ ti lè gbọ́ èyí rí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Winnipeg tàbí Regina, níbi tí àwọn ọmọ onílẹ̀ pọ̀ sí. Irọ́ gbáà ni. Ó ní ibi tó ti rí ẹsẹ̀ dúró o: lọ́dún 1971, àwọn olùwádìí kan ní Kánádà kéde pé ọtí máa ń pẹ́ nínú ara àwọn ọmọ onílẹ̀ ju ti òyìnbó lọ. Àmọ́ aláìsàn tó wà ní ọsibítù pọ̀ nínú àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò. Nígbà tó fi máa di 1976, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àfiwé tó yè kooro, kò rí ìyàtọ̀ kankan. Lọ́dún 2016, James Cunningham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọtí mímu. Nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ onílẹ̀ ni kò fẹnu kan ọtí rárá láàárín oṣù tí wọ́n béèrè nípa rẹ̀. Ti àwọn òyìnbó jẹ́ ìdá 43. Ìwọ̀n àwọn tó ń mu ọtí àmupara fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Kí ló dé tí irọ́ yìí kò fi kú? Ẹni tó mutí yó sí òpópónà, gbogbo ayé ló ń rí i. Ẹni tó jókòó sílé tó ń mu tíì, kò sẹ́ni tó ń rí i. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé irọ́ náà fúnra rẹ̀ ń ṣe ìpalára: Vivian Gonzalez àti Monica Skewes rí i ní Alaska pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onílẹ̀ tó gbà gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ló lẹ́bi ni ìṣòro ọtí wọn máa ń pọ̀ jù. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé kò sí ohun tó lè ṣe sí i, kí ló máa tìtorí rẹ̀ gbìyànjú?

Ìwádìí tó ṣeé ṣe kó lágbára jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti Michael Chandler àti Christopher Lalonde, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998. Ohun tí gbogbo èèyàn gbà ni pé àwọn ọ̀dọ́ onílẹ̀ ń gba ẹ̀mí ara wọn ju àwọn yòókù lọ. Bí èèyàn bá ro gbogbo wọn pọ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn méjèèjì kò rò ó pọ̀. Wọ́n yẹ àwọn ìlú onílẹ̀ tó wà ní British Columbia wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200, láàárín ọdún 1987 sí 1992. Ní èyí tó ju ìdajì lọ, kò sí ọ̀dọ́ kan ṣoṣo tó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn ìlú díẹ̀ ni gbogbo ìbànújẹ́ náà kó jọ sí. Kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀? Wọ́n wo ohun mẹ́fà: bóyá ìlú ń ṣàkóso ara rẹ̀, bóyá ó ń jà fún ilẹ̀ rẹ̀, bóyá iléèwé, ìlera, ọlọ́pàá àti panápaná wà lọ́wọ́ ará ìlú, àti bóyá wọ́n ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe àṣà wọn. Bí ohun wọ̀nyí ṣe ń pọ̀ sí i ni ikú ń dín kù, ibi tí gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì wà, kò sí ikú kankan. Lọ́dún 2007, pẹ̀lú Darcy Hallett, wọ́n fi èdè kún un: ìlú tí ó kéré tán ìdajì àwọn èèyàn rẹ̀ ti lè fi èdè wọn bára wọn sọ̀rọ̀, irú ikú yìí ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ gan-an.

Ẹ má jẹ́ ká sọ ju ohun tí ẹ̀rí sọ lọ. Kí nǹkan méjì máa rìn pọ̀ kò túmọ̀ sí pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ó lè jẹ́ pé ìlú tí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀ ló ń rí agbára jà fún ilẹ̀. Síbẹ̀, ìwádìí náà pa nǹkan kan pátápátá: èrò pé jíjẹ́ ọmọ onílẹ̀, tàbí sísún mọ́ àwọn ará ilé ẹni, ló ń pa ọmọ. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ìlú tó súnmọ́ra jù lọ ni ikú ì bá pọ̀ sí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ẹ̀gbẹ́ kejì, nítorí pé òótọ́ kan wà nínú ìmọ̀ràn "ẹ gbé e kúrò" tí n kò fẹ́ fi pa mọ́. Ní Yuendumu, ìlú àwọn Warlpiri ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà, nǹkan bí 70 ọ̀dọ́ ló ń fa epo bẹntiróòlù símú lọ́dún 1994. Àwọn àgbà ìlú gbé wọn kúrò níbẹ̀. Wọ́n kó wọn lọ sí Mt Theo, nínú aṣálẹ̀, ó ju 100 kìlómítà lọ sí ìlú, níbi tí kò sí epo, tí kò sí ilé ìtajà. Ó sì ṣiṣẹ́! Láàárín ọdún mẹ́jọ, epo fífà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Yuendumu.

Ṣé èyí kò wá fi hàn pé òótọ́ ni? Ẹ fara balẹ̀ wò ó. Ta ló kó wọn lọ? Peggy Nampijinpa Brown àti àwọn àgbà bíi tirẹ̀, tí àwọn ọmọ náà ń pè ní ìyá àgbà tàbí bàbá. Ibo ni wọ́n kó wọn lọ? Ilẹ̀ àwọn baba ńlá wọn, níbi tí òkè àti ihò omi ti ní orúkọ àti ìtàn. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n ń ṣọdẹ, wọ́n ń gbọ́ ìtàn, àwọn àgbà ń bá wọn wí ní èdè Warlpiri. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni pé wọ́n dá ètò kalẹ̀ nínú ìlú pẹ̀lú, eré ìdárayá, ijó alẹ́, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́, kí ọmọ tó bá padà dé má bàa bá òfìfo pàdé. Àwọn ọmọ Davis Inlet rìn láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn, wọ́n padà sínú ilé kan náà. Àwọn ọmọ Yuendumu kúrò nílùú lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wọn, wọ́n sì padà sí ìlú tó ti ń yí padà. Lójú tèmi, ìyàtọ̀ náà wà lọ́wọ́ ẹni tí a gbé ọmọ lé, àti nínú ohun tó padà bá. Iye kìlómítà kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn láti Ọsirélíà náà tì mí lẹ́yìn. Lọ́dún 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Opal ní àwọn ìlú aṣálẹ̀ náà. Ó ń gbé mọ́tò lọ, àmọ́ ohun tó ń pa èèyàn bí ọtí nínú epo ti dín kù púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí Peter d'Abbs àti Gillian Shaw yẹ ìlú 20 wò lọ́dún 2008, àwọn tó ń fa epo ti fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Kò sí ọmọ tí wọ́n gbé kúrò nílé fún ìyẹn. Epo ni wọ́n gbé kúrò.

Ṣé ká wá ti àwọn ilé ìtọ́jú tí ọmọ ń gbé pa ni? N kò sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu lálẹ́ òní nílò ilẹ̀kùn tó ṣeé tì àti àgbàlagbà tí kò sùn. Ìdí nìyẹn tí Kánádà fi dá ẹgbẹ́ àwọn ilé ìtọ́jú ọ̀dọ́ onílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Davis Inlet. Ọ̀kan wà ní Sheshatshiu, lọ́dọ̀ àwọn Innu fúnra wọn, tí wọ́n fi orúkọ Charles J. Andrew pè. Ní ibẹ̀, wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sínú igbó, sínú àgọ́, sí ibi tí àwọn Innu ń pè ní nutshimit, láti gbé bí àwọn baba wọn ṣe gbé.

Iṣẹ́ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò rí bí àwọn èèyàn ṣe rò. Yàrá dókítà kọ́ ni ìtọ́jú pọ̀ sí. Àárọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewé olóòórùn dídùn tí wọ́n ń sun nínú àwo kékeré. Ọmọ tó bá fẹ́ á fi ọwọ́ bu èéfín náà sí ojú àti àyà, èyí tí kò bá fẹ́ á kàn dúró. Ẹ̀kọ́ ìwé ń lọ, ọ̀rọ̀ pẹ̀lú olùtọ́jú ń lọ, àgbà ìlú kan ń kọ́ wọn ní ìlù tàbí bí a ṣe ń fá awọ ẹran. Àmọ́ alẹ́ ni iṣẹ́ gan-an. Tí iná bá ti kú, ohun tí ọmọ ti ń sá fún látàárọ̀ á wá bá a lórí ibùsùn. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í béèrè pé "Kí ló ń ṣe ọ́?" láti ẹnu ọ̀nà. Á jókòó. Ó lè máa to káàdì tàbí kó máa sín ìlẹ̀kẹ̀, títí ọmọ náà á fi sọ̀rọ̀, tàbí tí oorun á fi gbé e lọ. Ìyà ńlá ni wọ́n sì fi ń jẹ ọmọ nígbà tí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ tẹ ilé láago nítorí pé ó ṣàìgbọràn. Àwọn ilé kan wà tó ń ṣe èyí, tí wọ́n ka ohùn ìyá sí ẹ̀bùn tí ọmọ ní láti fi ìwà rere rà.

Ìròyìn àhesọ kan tún wà tó ń dí iṣẹ́ alẹ́ yìí lọ́wọ́: pé bí o bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ bóyá ó ń ronú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, o ti fi èrò náà sí i lọ́kàn. Irọ́ ni. Lọ́dún 2005, Madelyn Gould àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí akẹ́kọ̀ọ́ 2,342 ní ìpínlẹ̀ New York. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn kan, wọn ò béèrè lọ́wọ́ àwọn kan. Ọkàn àwọn tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wọn kò dàrú ju ti àwọn yòókù lọ. Ní ti àwọn ọmọ onílẹ̀, ẹ wo àwọn White Mountain Apache ní Arizona. Láti 2001 ni òfin ìlú wọn ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu èèyàn sọ ọ́ síta fún ètò ìlú. Òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ Apache á wá ẹni náà lọ, á bá a jókòó, á béèrè ní gbangba. Láàárín 2001 sí 2006 àti 2007 sí 2012, irú ikú yìí fi ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù níbẹ̀. Kò sí bí a ṣe lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ètò náà nìkan ló fà á, àmọ́ ikú kò pọ̀ sí i níbi tí wọ́n ti ń béèrè.

Àwọn tó ti bá mi dé ibí yìí lè ti fẹ́ gbà pé àṣà ìbílẹ̀ nìkan ni oògùn, kí dókítà gba ilé rẹ̀ lọ. Ẹ dúró ná. Margo Rowan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 19 jọ lọ́dún 2014 lórí àṣà gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú fún bárakú oògùn àti ọtí láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn rí i pé ìlò náà dín kù tàbí pé ó dópin. Ìròyìn ayọ̀ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìwádìí wọ̀nyẹn kéré, a ò sì lè gbé gbogbo ilé lé wọn lórí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àṣà ta ni? Àgọ́ ìlàágùn, níbi tí wọ́n ti ń da omi sórí òkúta gbígbóná, ni ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn ètò náà, àmọ́ kì í ṣe àṣà àwọn Inuit, tí àwọn náà jẹ́ ìran onílẹ̀. Ẹni tó bá ti ọmọ Inuit wọ inú rẹ̀ tó ní òun ń dá a padà sí ilé baba rẹ̀, ibòmíràn ni ó ń mú un lọ. Àwọn ìdílé onílẹ̀ kan wà tó jẹ́ onígbàgbọ́ paraku tí wọn ò fẹ́ èéfín náà rárá. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ sì nílò oògùn dókítà, ìran yòówù kó jẹ́. Ilé tó dára ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó tó ṣe ohunkóhun.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, kó rántí Aro, ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ. Lọ́dún 1954, ní Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adeoye Lambo kọ̀ láti ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ó ní kí wọ́n gba yàrá ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí ìbátan kan sì bá aláìsàn wá, kó máa se oúnjẹ fún un, kó máa mú un wá gba ìtọ́jú. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Alexander Leighton, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà tó wá bá Lambo ṣe ìwádìí níbẹ̀, tí wọ́n sì jọ gbé ìwé jáde lọ́dún 1963 nípa àìsàn ọpọlọ láàárín àwọn Yorùbá, ti lọ gbé tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn Navajo, ìran onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Dorothea, kọ ìwé nípa wọn lọ́dún 1944. Gbígbé nílé ìtọ́jú láìfi ẹbí sílẹ̀: ó ti lé ní 70 ọdún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa pé àfi kí ọmọ lọ jìnnà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní Kánádà báyìí, àwọn kan nínú wọn sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ lóru. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ kó tó di pé mo gbé kálámù sílẹ̀. Ẹ bi ilé tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún léèrè: ọmọ yìí, orílẹ̀ wo ló ti wá gan-an? Ta ló ń sọ èdè rẹ̀ nínú wa? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ń gbọ́ ohùn ará ilé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀? Ṣé yàrá wà tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè sùn sí tó bá wá? Ta ló máa pàdé rẹ̀ nígbà tó bá sọ̀ nínú bàálù, ta ló sì máa kàn sí i lóṣù kejì, lóṣù kẹta, lóṣù kẹfà? Bí wọn ò bá rí ìdáhùn sí èyí tó kẹ́yìn, kí wọ́n wá a kí wọ́n tó kọ ọjọ́ tí ọmọ náà máa lọ sílé.